Ẹ Má Jẹ́ Kí Ògiri Ilé Lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà àti ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí pa. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin aya ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin abiyamọ bá mi yẹ òwe náà wò bí ó ti rí gan-an, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa ilé, nípa ògiri, àti nípa ihò kékeré tí a rí tí a kò dí.

Ilé kì í wó lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ omi a máa kán tó, tó, tó fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bìkítà. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé a ya díẹ̀, ẹ̀fọn a gba ibẹ̀ wọlé, ibà a sì dá ọmọ dúbúlẹ̀. Ọkọ a ti ibi iṣẹ́ dé, a jẹun, a kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Aya a kọjú sí fóònù. Àwọn ọmọ a sùn láìgbọ́ ìtàn kankan. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn tí ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà a di àlejò sí ara wọn, kò sì sí ẹni tí yóò lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ mi, èyí tí í ṣe kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n máa ń bi mí léèrè jù lọ. Àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin mìíràn wà tí a kì í sábà bèèrè, tí ó sì jẹ́ pé wọ́n wà lára ohun tí ń mú kí ilé dúró. Àwọn náà ni àtúnṣe ohun tí ó bàjẹ́, ìwé kíkà, eré wíwò, àti ìrìn ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó béèrè owó ńlá. Àkókò àti àkíyèsí ni wọ́n ń béèrè.

Àtúnṣe kò mọ akọ, kò mọ abo

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ omi tí ń kán. Ẹ gbé ife tí ó gba mìlílítà 250 sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Bí ife náà bá kún ní wákàtí kan, lítà 6 ni ẹ ń pàdánù láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di lítà 180. Korobá onílítà 20 mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹni tí ń fa omi kànga, tàbí ẹni tí ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un bí korobá mẹ́sàn-án ti tó.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó fa kíkán yìí kò ju rọ́bà pẹlẹbẹ kan lọ, èyí tí àwọn púlọ́ḿbà ń pè ní wáṣà. Rọ́bà yìí ni ó máa ń dí ojú omi nígbà tí a bá ti ẹ̀rọ. Bí ó bá ti jẹ, kò ní lè dí i mọ́, bí ó ti wù kí ẹ fi agbára ti ẹ̀rọ náà tó. Agbára náà gan-an ni yóò tún máa ba ohun tí ó kù jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wáṣà, ẹ kọ́kọ́ ti omi láti ibi tí ó ti ń wọ ilé, tàbí láti ìdí táńkì. Ẹ ṣí ẹ̀rọ náà kí omi tí ó kù nínú páìpù lè dà tán. Ẹ fi àkísà dí ihò tí omi ń bá lọ, kí síkúrù kékeré má baà já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi súpánà tú orí ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáṣà àtijọ́, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò omi, kí wọ́n lè fún yín ní èyí tí ó bá a dọ́gba. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ dè é padà, kí ẹ sì rọra ṣí omi. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí a ń fi apá kan ṣoṣo gbé sókè-sódò kì í lo irú wáṣà yìí. Ẹ fi ti àwọn yẹn sílẹ̀ fún púlọ́ḿbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa ni wọ́n ń fi ẹbọ́tọ pa ilẹ̀ yàrá kí ó lè dán, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní akọ obìnrin. Síbẹ̀, àwọn bàálé kan wà tí ó lè dùn bí aya wọn bá dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè é kí ẹ jọ ṣe é. Kí ẹnì kan di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹnì kejì tú nọ́ọ̀tì, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ dúró ti síkúrù kí wọ́n má baà sọnù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya kì í ráyè bá ara wọn sọ lórí ìjókòó máa ń jáde wẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọn bá jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan.

Ẹ ní àpótí kékeré kan tí ẹ ó kó ohun èlò wọ̀nyí sí: òòlù àti ìṣó, ẹ̀mú, súpánà tí a lè fún kí a sì tú, sùkúrúdíráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti ẹlẹ́nu ìràwọ̀, tọ́ọ̀ṣì, wáṣà bíi mẹ́ta, àti tépù funfun tí a ń wé mọ́ ojú páìpù kí omi má baà jò. Ẹ fi abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì àti ègé nẹ́ẹ̀tì kún un. Bí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tàbí ti ibùsùn bá ya, ẹ gé ègé tí ó tóbi ju ojú ibi tí ó ya lọ díẹ̀, kí ẹ sì rán an mọ́ ọn yí ká. Òru ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri máa ń jẹni jù lọ, ihò tí ó sì gba orí ìka ọwọ́ kan ti tó o láti wọlé.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ìmọ̀ yìí. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó bàjẹ́ kò ṣe é rẹ́ jẹ. Nígbà tí ẹ bá pe oníṣẹ́, tí ẹ sì sọ fún un pé wáṣà ni ó jẹ, kò ní sọ fún yín pé gbogbo páìpù ilé ni ó yẹ kí ẹ wú.

Ibi tí eré ti parí

Àwọn ihò mìíràn wà tí kì í ṣe omi ni wọ́n ń gbé lọ, ẹ̀mí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Iná mànàmáná ni àkọ́kọ́. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní ilẹ̀ wa ní wáyà mẹ́ta nínú: aláwọ̀ búráùn ni ó ń gbé iná wá, aláwọ̀ búlúù ni ó ń dá a padà, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú yẹ́lò ni ó ń lọ sí ilẹ̀ láti dáàbò bò wá. Fíúùsì tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì jẹ́ olùṣọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ máa ń yọ́ nígbà tí iná bá pọ̀ jù, kí wáyà ilé má baà gbóná kí ó sì dá iná sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò fíúùsì ti pa olùṣọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ fíúùsì tí ó yẹ, ẹ pín agbára tí wọ́n kọ sára ohun èlò náà sí ọ̀nà 240. Áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1200, bí a bá pín in sí 240, yóò fún wa ní ámúpù 5. Fíúùsì 13 ni kí ẹ fi sí i. Iná orí tábìlì tàbí rédíò kò ju fíúùsì 3 lọ. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó ṣí i, kí ọwọ́ yín sì gbẹ. Ohun tí ó bá kan mítà, àpótí fíúùsì ńlá, tàbí wáyà inú ògiri, iṣẹ́ oníná ni. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ìkejì ni gáàsì ìdáná. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ́ jọ sí, níbi tí imú wa kì í tètè dé. Ẹ pa ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi kí ó hó, ẹ fi kànìnkànìn kùn ún sára rọ́bà gáàsì àti ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò láéláé. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé, ẹ ti orí sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ má sì tan iná, kí ẹ má sì pa èyí tí ó ti wà ní títàn, nítorí pé súwíìṣì lè ta pàrà.

Ìkẹta ni jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá ń fà á símú yóò kọ́kọ́ ní ẹ̀fọ́rí, òòyì, àti èébì, yóò sì máa tòògbé; ẹni tí ó bá ti sùn lè má jí mọ́. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí sí abẹ́ fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu tí èéfín ń bá jáde sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú tí ń jó wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí òtútù. Bí aládùúgbò bá gbé tirẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.

Ìwé: ilé tí a kò fi síméǹtì kọ́

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ògiri mìíràn. Ọ̀pọ̀ abiyamọ lóde òní ni ó ń fòfin de èdè Yorùbá nínú ilé, nítorí wọ́n rò pé yóò di ọmọ lọ́wọ́ ní ilé ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ àbájáde wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá. Ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ti rí ilẹ̀ líle tí yóò fi ìpìlẹ̀ èdè mìíràn lé.

Nítorí náà, ẹ ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ ní alaalẹ́ fún ìwé kíkà. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di ìṣẹ́jú 105. Fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì wúlò púpọ̀. Fún àwọn tí ojú wọn ti là díẹ̀, ẹ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938 fún wọn, ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró ní ibi tí ó dùn jù kí wọ́n lè máa retí ọjọ́ kejì. Ẹ má kàn kà á kọjá. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, “Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni ìwọ ì bá ṣe?” Ìbéèrè kan yìí yóò fi inú ọmọ yín hàn yín ju ọgọ́rùn-ún ìwàásù lọ.

Kí ẹ̀yin náà má sì gbàgbé ara yín. Ìyá tí àwọn ọmọ kò rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ìwé kì í wọ̀ wọ́n létí. Ẹ wá Ó Le Kú, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí kò tètè mọ ẹni tí yóò fẹ́. Ẹ kà á, kí ẹ fún ọkọ yín kí ó kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ kì í bí ìjà; ẹ̀rín ni ó máa ń bí.

Eré tí a jọ wò, kì í ṣe eré tí ń wò wá

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1976, Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan sì kópa nínú rẹ̀, ṣí ọ̀nà fún sinimá ní èdè Yorùbá. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wo sinimá níláti wọṣọ, kí ó jáde, kí ó sì jókòó láàárín àwọn ènìyàn. Lónìí, eré wà nínú fóònù, olúkúlùkù a sì máa dá tirẹ̀ wò ní kọ̀rọ̀ yàrá. A rí eré púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ń tẹ̀lé eré ti dínkù.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún eré kan ṣoṣo, kí gbogbo ilé sì jọ wò ó. Ẹ̀yin tàbí bàálé ni kí ó kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ fún ojú ọmọdé. Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999, dára fún àwọn ọmọ tí ó ti gbọ́n díẹ̀, nítorí pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìbúra, ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ ìlú ní ọ̀nà tí ń mú ìbéèrè wá. Kèlání yìí kan náà ni ó sọ Ó Le Kú di fíìmù ní ọdún 1997. Bí ẹ bá ti ka ìwé náà, ẹ wo fíìmù rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí ọ̀kan sọ tí èkejì kò sọ. Nígbà tí eré bá parí, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó rí.

Ní ti àwọn ìkókó, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Mo mọ̀ pé fóònù máa ń mú ọmọ dákẹ́ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Ẹ fún un ní ìgbákọ, abọ́ oníke àti ìdérí ìkòkò dípò rẹ̀. Ariwo rẹ̀ yóò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yóò máa kọ́ ọgbọ́n.

Ẹ jáde, ẹ rìn

Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó kéré jù lójú wa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí ń tà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti pé e. Àwọn ọmọ láti ọdún márùn-ún sókè nílò tó wákàtí kan lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ara nìkan ni mo fi ń sọ ọ́. Ìyá ọmọ tuntun tí ó ń gbé ìlú ńlá, tí ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, lè wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìdánìkanwà máa ń wúwo. Bí agbára bá ti dé díẹ̀, tí àwọn olùtọ́jú yín sì fọwọ́ sí i, ẹ pọn ọmọ, ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kí àwọn ará àdúgbò. Bí ìbànújẹ́, ẹkún àìnídìí tàbí àìlèsùn bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwà ọ̀lẹ ni. Àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ ìsinmi, kí gbogbo ìdílé jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà Agodi, tàbí kí ẹ gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀mọ, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, kí wọ́n lè rí bí òrùlé ìlú ti tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, Òkè Olúmọ kò jìnnà sí yín; ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ bí àwọn Ẹ̀gbá ti sá di òkúta náà nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹni tí kò sì ní irú ibi bẹ́ẹ̀ nítòsí, kí ó rìn dé ìparí àdúgbò rẹ̀, kí ó sì bi àwọn ọmọ ní orúkọ igi tí wọ́n bá kọjá. Ẹ̀rù yóò bà yín bí wọ́n bá mọ orúkọ mọ́tò tí wọn kò sì mọ ọ̀dán.

Bí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin àti bàálé yí ilé ká. Ẹ kọ ohun mẹ́ta péré sílẹ̀ tí ó nílò àtúnṣe, kí èyí tí ó lè pa ènìyàn sì jẹ́ àkọ́kọ́: rọ́bà gáàsì, fíúùsì, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ tún ọ̀kan ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ní alẹ́ ọ̀la, ẹ ka ojú ewé méjì fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ jọ wo eré kan. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ rìn.

Bí oṣù kan bá pé, ẹ tún yí ilé ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ẹ ó rí i pé ohun mìíràn ti bàjẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá súpánà yín.